Má Ṣe Dá Abẹ̀bẹ̀ Bàálù Dúró

Láti ìgbà tí mo ti mẹ́nu ba fótò bàálù nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá, lẹ́tà ò yéé wọlé. Ẹni tó kọ èyí tó gùn jù kọ ojú ìwé mẹ́rin, ó sì fi fótò mọ́kànlá tì í. Ẹni tó kọ èyí tó kúrú jù kọ ọ̀rọ̀ méje péré. Márùn-ún ni mo mú. Orúkọ ìnagijẹ tí ẹ fúnra yín yàn ni mo fi pè yín.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Oṣù tó kọjá ni mo kọ́kọ́ lọ síbi àfihàn bàálù láyé mi. Kámẹ́rà mi jẹ́ ti akọ́ṣẹ́, lẹ́ńsì mi sì jẹ́ 70-300mm. Fótò 612 ni mo yà. Nígbà tí mo gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà, ojú tì mí. Àwọn bàálù náà kéré, wọ́n dúdú, àwọn tó sì mọ́ kedere nínú wọn rí bí ìgbà tí wọ́n bá fi okùn so ohun ìṣeré ọmọdé rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní àfi kí n ra lẹ́ńsì 600mm, tó ń ríran jìnnà ju tèmi lọ. Ṣé òótọ́ ló sọ?
— Akọ́ṣẹ́ Ojú Ọ̀run (mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú)

Àbúrò mi, fowó rẹ sápò ná. Mo wo fótò mọ́kànlá náà, mo tún wò wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ńsì rẹ kò jẹ̀bi. Abẹ̀bẹ̀ ni kí á pè lẹ́jọ́.

Wo fótò kejì, bàálù aláwọ̀ ìyeyè tó ní abẹ̀bẹ̀ kan nímú. Mo lè ka ewé abẹ̀bẹ̀ náà: mẹ́ta ni, wọ́n dúró gbagidi bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Bàálù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lófuurufú, ilẹ̀ ló yẹ kó máa forí lé. Tìrẹ wà lókè níbẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Ìdí tó fi jọ ohun ìṣeré nìyẹn. Kámẹ́rà rẹ sì ti kọ ẹ̀rí sínú fótò náà fúnra rẹ̀: 1/2000. Ìyẹn ni pé ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ inú kámẹ́rà, ṣí fún ìdá kan péré nínú 2,000 ìṣẹ́jú àáyá kan.

O rò pé bí nǹkan bá ń sáré, ṣọ́tà gbọ́dọ̀ sáré jù ú lọ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, fíìmù la ń lò, rólù kan kì í ju fótò 36 lọ. Mo ra rólù mẹ́rin, mo yà wọ́n tán ní 1/1000, mo sì fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko dúró de ẹni tó ń fọ̀ wọ́n. Bàálù 144, kò sí ọ̀kan tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń yí. Ọkùnrin tó fọ̀ wọ́n bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá ilé àkójọ ohun àtijọ́ ni mo ti lọ yà wọ́n.

Jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Ká ní abẹ̀bẹ̀ bàálù kékeré kan ń yí ní ìgbà 2,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìgbà 40 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ṣọ́tà bá ṣí fún 1/2000, dígírì 7 péré ni abẹ̀bẹ̀ náà máa fi kúrò lójú kan nínú dígírì 360 tó ní láti yí ká. Ojú èèyàn kò ka ìyẹn sí ìrìn. Ní 1/250, ó ti yí tó dígírì 58. Ní 1/125, ó ti tó 115. Bí ewé abẹ̀bẹ̀ náà bá sì jẹ́ mẹ́ta, dígírì 120 ló wà láàárín ewé kan sí èkejì. Ìyẹn ni pé ewé kan á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí èkejì ti gbéra, gbogbo rẹ̀ á wá di àwo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń dán nímú bàálù. Àwo yẹn là ń wá.

Hẹlikópítà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ̀bẹ̀ ńlá orí rẹ̀ kì í sáré tó bí ariwo rẹ̀ ṣe ń tanni jẹ. Púpọ̀ nínú wọn kì í yí ju ìgbà 300 sí 400 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ní 1/250 tó tẹ́ bàálù alábẹ̀bẹ̀ lọ́rùn, ti hẹlikópítà tó ń yí ní ìgbà 300 kò ní kúrò ju dígírì 7 yẹn náà lọ. 1/60 tàbí 1/80 ni mo máa ń bá a jà. Jẹ́ẹ̀tì nìkan ló gbà ọ́ láyè láti sá eré tó wù ọ́, torí kò ní abẹ̀bẹ̀ kankan níta tí èèyàn máa rí. Fún un ní 1/1000 tàbí 1/1600, kí ọkàn rẹ balẹ̀.

Lórí kámẹ́rà rẹ, yí bọ́tìnnì róbótó òkè yẹn sí S (bó bá jẹ́ Canon, Tv ni wọ́n kọ síbẹ̀), kí o lè fúnra rẹ yan bí ṣọ́tà ṣe máa pẹ́ tó ní ṣíṣí. Bẹ̀rẹ̀ bàálù alábẹ̀bẹ̀ ní 1/320. Nígbà tí o bá ti rí mẹ́wàá tó mọ́ kedere, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 1/250, lẹ́yìn náà 1/160. Má bẹ́ sí 1/125 lọ́jọ́ kan náà, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ máa ti tú ọ fó.

Ọwọ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ kù sí. Bí ṣọ́tà bá pẹ́ ní ṣíṣí, bàálù fúnra rẹ̀ á dà bàìbàì bí ìwọ àti òun kò bá jọ rìn ní eré kan náà. Ara ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe ọrùn ọwọ́. Dúró kí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì kọjú sí ibi tí bàálù ti máa sún mọ́ ọ jù. Lẹ́yìn náà, yí ìbàdí rẹ padà sí apá ibi tó ti ń bọ̀, láìgbé ẹsẹ̀. Fún ìgúnpá mọ́ ẹ̀gbẹ́. Mú bàálù náà sínú kámẹ́rà láti ọ̀nà jíjìn, máa tú ìbàdí rẹ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, kí o sì rọra tẹ bọ́tìnnì láìdá ìrìn rẹ dúró. Bó bá kọjá, ṣì máa tẹ̀ lé e. Ohun tó ń ba fótò ọ̀pọ̀ akọ́ṣẹ́ jẹ́ ni pé wọ́n á dá ara dúró ní kété tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, bí ẹni tó sọ òkò tó sì fa ọwọ́ sẹ́yìn kí òkò tó kúrò níbẹ̀.

Kò dìgbà tí o bá rí bàálù kí o tó kọ́ ọ. Dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, sí ibi tí kò léwu, kí o máa ya àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní 1/60. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́nu ìyẹn á ṣe ọ́ láǹfààní ju lẹ́ńsì 600mm lọ. Mo ṣì ń ṣe é títí dòní bí ọjọ́ àfihàn bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ará àdúgbò sì ti gbà pé orí mi kò pé.

Dúdú tí wọ́n dúdú ńkọ́? Kámẹ́rà ni kò gbọ́n. Ó máa ń fẹ́ kí gbogbo ohun tó bá rí jẹ́ àwọ̀ eérú níwọ̀nba. Nígbà tí o bá fi ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ yòò kún inú fótò, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á fà á sílẹ̀, ikùn bàálù á sì dúdú bí èédú. Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n ya + àti − sí. Bí kùrukùru bá funfun bo ojú ọ̀run, sún un sí +1. Bí ojú ọ̀run bá dúdú bí aró, tí oòrùn sì wà lẹ́yìn rẹ, fi í sílẹ̀ ní odo tàbí +0.3. Kí o sì yẹ ikùn bàálù wò nínú fótò: ṣé o rí ìlà àwọn irin tí wọ́n kàn pọ̀ lára rẹ̀? Bí o kò bá rí i, tún gbé e sókè díẹ̀.

Nǹkan méjì tó kù, kíákíá. Fi kámẹ́rà sí AF-C (Canon ń pè é ní AI Servo), kó lè máa tọpa bàálù náà nìṣó dípò kó mú un lẹ́ẹ̀kan kó sì gbàgbé rẹ̀. Bí lẹ́ńsì rẹ bá sì ní ohun tó ń dẹ́kun gbígbọ̀n, wò ó bóyá ó ní ipò kejì. Ipò yẹn ni wọ́n ṣe fún ẹni tó ń yí ara tẹ̀ lé nǹkan. Èkíní lè máa bá ọ jìjàkadì.

Ní ti 300mm rẹ: bí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà rẹ (ohun tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀) bá kéré bíi ti ọ̀pọ̀ akọ́ṣẹ́, ohun tí 450mm máa rí lórí kámẹ́rà ńlá ni tìrẹ ń rí. Ó tó fún àwọn bàálù tó ń tò lọ́wọ̀ọ́, ó tó fún àwọn ńláńlá, ó sì tó fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gbéra tàbí tó ń balẹ̀. Jẹ́ẹ̀tì ológun kan ṣoṣo ló máa kéré. Lẹ́yìn àfihàn mẹ́ta, bó bá ṣì ń wù ọ́, yá lẹ́ńsì ńlá lò fún ọjọ́ kan. Ọrùn rẹ ló máa dá ọ lóhùn kí o tó ra tìrẹ.

(Bí o bá rí àwọn kóóko dúdú tó ń fara hàn lójú ọ̀run níbì kan náà nínú gbogbo fótò rẹ, kì í ṣe ẹyẹ. Eruku orí sẹ́ńsọ̀ ni. Bí ṣọ́tà bá pẹ́ nínú oòrùn, ihò lẹ́ńsì á fún dé f/14 tàbí f/16, gbogbo eruku tó ti sá pamọ́ á sì yọjú. Fi ISO (bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) sí 100, kí o sì fọ sẹ́ńsọ̀ kí ọjọ́ tó pé.)

Ọmọ mi, ẹni ọdún 67 ni mí. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin fẹ́ mú mi lọ wo bàálù lẹ́ẹ̀kan sí i. Fóònù nìkan ni mo ní. Èyí tí mo yà lọ́jọ́sí, àwọn tó wà lókè rí bí eṣinṣin, èyí tó sì wà nílẹ̀ tó ń tan ẹ́ńjìnnì, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ kọ́ródó bí dòjé. Ṣé fóònù mi ti bàjẹ́ ni?
— Ìyá Àgbà Onífóònù

Ẹ kú ìnáwó ojú, Màmá. Fóònù yín kò bàjẹ́ rárá. Kì í rí gbogbo fótò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì ló ń kà á, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí ẹ bá ń ka ìwé. Kó tó ka ìlà tó kẹ́yìn, abẹ̀bẹ̀ ti kúrò níbi tó wà nígbà tó ń ka ti àkọ́kọ́. Ó wá fi ibi méjèèjì pọ̀, ó di dòjé. Mo fẹ́ràn fótò bẹ́ẹ̀, ẹ má pa á rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó tọ́, ẹ yà á kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì.

Ní ti àwọn tó wà lókè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìka méjì fa fóònù ya láti mú wọn sún mọ́ yín. Bí fóònù bá ti kọjá ibi tí lẹ́ńsì rẹ̀ mọ, kì í ríran jìnnà mọ́, fótò ló kàn ń fẹ̀ lójú, á sì máa rún. Ohun tí fóònù mọ̀ ọ́n yà jù kámẹ́rà wa wọ̀nyí lọ ni ohun tó fẹ̀. Àwọn Red Arrows, ẹgbẹ́ awakọ̀ bàálù ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe àfihàn, máa ń tú èéfín pupa, funfun àti búlúù sílẹ̀: dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fún sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì jáde, wọ́n á sì po aró mọ́ ọn fún pupa àti búlúù. Irú èéfín bẹ́ẹ̀ lè gba ìdajì ojú ọ̀run. Èmi tí mo gbé lẹ́ńsì ńlá kọ́rùn, ìrù bàálù kan ni mo máa rí. Ẹ̀yin lẹ máa rí gbogbo ọnà náà.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà dúró síwájú yín, kó gbójú sókè, kí èéfín wà lókè orí rẹ̀. Ẹ fi aṣọ nu ojú lẹ́ńsì fóònù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, òróró ìka ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Kí ẹ sì tètè débẹ̀ kí èrò tó bo àwọn bàálù tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún wíwò. Bí orúnkún bá gbà fún yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú, kẹ́ ẹ yà á láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Bí kò bá gbà, ẹ gbé fóònù fún ọmọ-ọmọ yín kó bá yín bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, pápá náà fẹ̀ lọ súà. Ibo ni kí n dúró sí? — Alárìnkiri

Oòrùn ni kí o kọ́kọ́ wá, kì í ṣe bàálù. Jẹ́ kó wà lẹ́yìn rẹ. Má sì gbàgbé pé ibi tó wà láàárọ̀ kọ́ ló máa wà nígbà tí jẹ́ẹ̀tì tó ò ń dúró dè bá gbéra lọ́sàn-án. Wo ìwé ètò, kí o ṣírò rẹ̀ kí o tó tẹ́ ẹní sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo àpò aṣọ gígùn tí wọ́n ta sórí òpó fún afẹ́fẹ́. Bàálù máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́ láti gbéra. Bí o bá mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, o ti mọ orígun tí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í sáré àti ibi tí wọ́n ti máa gòkè. Àárín ni gbogbo èèyàn máa ń rọ́ lọ, ó sì dára fún àwọn tó ń tò lọ́wọ̀ọ́. Èmi máa ń lọ sí ìpẹ̀kun kan níbi tí wọ́n fàyè gbà wá dé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yí padà, tí wọ́n á dẹ̀gbẹ́ kalẹ̀ tí o máa rí gbogbo ẹ̀yìn bàálù, ìjókòó awakọ̀ àti orí rẹ̀ pàápàá. Àwọn tó wà láàárín, ikùn ni wọ́n sábà máa ń yà relé.

Bí oòrùn bá ti mú, ilẹ̀ kọnkéré pápá ìsáré á máa mí ooru sókè, gbogbo ohun tó bá wà nísàlẹ̀ lọ́nà jíjìn á máa gbọ̀n bí ohun tó wà nínú omi. Kò sí lẹ́ńsì tó lè wò ó sàn. Ya àwọn tó wà nílẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, kí o sì dúró kí àwọn ti ọ̀sán gòkè kúrò nínú ooru náà.

Ṣé kí n gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ? — Kúkúrú

Rárá. Bàálù kì í dúró, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé kì í rìn, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ á sì máa fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ. Ohun tó ń dí etí ni kí o gbé lọ. Jẹ́ẹ̀tì ológun kì í bẹ etí.

Ọ̀gá, mi ò tíì rí ibi tí àwọn bàálù méjì ti ń pàdé lójúkojú yà rí. Bí mo bá gbọ́ ariwo tí mo yíjú, wọ́n ti kọjá. Kí ni mo ń ṣe tí kò dáa? — Ó-Kọjá-Mi

Etí lò ń lò dípò ojú. Ìró máa ń rìn ní nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí jẹ́ẹ̀tì bá wà ní kìlómítà kan sí ọ, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni ariwo rẹ̀ máa lò kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bó bá ń lọ ní mítà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti fi nǹkan bíi mítà 600 kúrò níbi tí ò ń wò. Nítorí náà, bí ariwo bá dé, sọ ojú síwájú ariwo náà, sí apá ibi tó ń lọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Àwọn Blue Angels ti ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tilẹ̀ fi èyí ṣeré. Bàálù mẹ́fà ni wọ́n ń gbé fò: mẹ́rin á tò pọ̀, méjì á máa dá ṣe tiwọn. Nígbà tí gbogbo èrò bá ń wo mẹ́rin yẹn, ọ̀kan nínú àwọn méjì náà á yọ́ wá lójijì, ní eré tó sún mọ́ ti ìró fúnra rẹ̀. Ìgbà tí o bá fi máa gbọ́ ọ, ó ti dé orí rẹ. Mo ti pariwo lójú ọ̀pọ̀ èèyàn nítorí bẹ́ẹ̀. Bí o bá rí i pé ọ̀kan sọnù lójú rẹ, máa wá a kiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, má gbọ́kàn lé àwọn mẹ́rin.

Ní ti ìpàdé náà gan-an, gbà pé oríire wà níbẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ń sá mítà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 400 ni wọ́n fi ń sún mọ́ ara wọn. Kámẹ́rà tó ń ya fótò 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mítà 40 ló máa ṣófo láàárín fótò kan sí èkejì. Super Hornet kan, irú jẹ́ẹ̀tì tí àwọn Blue Angels ń gbé fò, kò gùn ju mítà 18 àti díẹ̀ lọ. Ìpàdé wọn lè bọ́ sínú àlàfo yẹn, kí o má sì jẹ̀bi kankan. Mú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, èyí tó bá wá láti apá ibi tí ara rẹ ti rọrùn yí, tẹ̀ lé e, má wo èkejì rárá. Wọ́n sábà máa ń pàdé níwájú àárín èrò. Nígbà tí tìrẹ bá kù díẹ̀ kó débẹ̀, tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, má sì tú u sílẹ̀ títí á fi kọjá. Ọdún kẹrin ni mo tó rí tèmi, ìmú ọ̀kan sì bo ìrù èkejì níbẹ̀.

O tún kọ ọ́ pé o kò ní lọ bí ojú ọjọ́ bá rin. Lọ. Ọjọ́ tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ni jẹ́ẹ̀tì tó bá yí tipátipá máa ń fa kùrukùru funfun sẹ́yìn apá rẹ̀: agbára afẹ́fẹ́ tó wà lókè apá náà á lọ sílẹ̀, á tutù, omi inú rẹ̀ á sì di ìkùukùu lójú ẹsẹ̀. Kì í pẹ́ kó tó pòórá. Lójú ọ̀run tó gbẹ, o ò ní rí i.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé. Akọ́ṣẹ́ Ojú Ọ̀run, fótò kẹsàn-án rẹ, èyí tí o kọ “ẹ má bínú sí i” sí lẹ́yìn. Òótọ́ ni pé o gé ìrù bàálù náà dànù, ó sì ṣẹ́rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí mo ṣe sún un mọ́ ojú lórí kọ̀ǹpútà mi, mo rí ọwọ́ awakọ̀ náà lábẹ́ gíláàsì, ìka márààrún ló nà, ó ń juwọ́ sí àwọn èrò. Ní 1/2000 yẹn náà ni o sì ti mú un. Fi ojúlówó rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sójú ewé yìí nínú ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀.